Owó ìjọ ò ká a mọ́: ìfilọ́lẹ̀ ni àbí kóló?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ìjọ Lutheran kékeré kan la ní níbí, a kì í ju 60 lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi sì ni akọ̀wé. Oṣù mẹ́ta rèé tí a ò rí owó oṣù pásítọ̀ san pé. Owó tí orílé-iṣẹ́ bù lé wa lọ́dún yìí, ìdajì rẹ̀ la ṣì rí fi ránṣẹ́. Òrùlé ilé pásítọ̀ ń jò. Àwọn àgbà ìjọ ní kí á ṣe ìfilọ́lẹ̀, kí á pe àwọn ọlọ́lá láti Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí á ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí á pe wòlíì kan wá ṣe ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta, pé òróró tí ó máa ń tà níbẹ̀ ń mú owó wọlé gan-an. Akápò wa ní owó dùùrù wà nílẹ̀, kí á fi san owó oṣù ná, a ó dá a padà. Orí mi ti dàrú. Èwo ni kí á ṣe nínú rẹ̀?

* * *

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Mo ṣe akápò ìjọ Lutheran kan ní Ìkòròdú fún ọdún mẹ́fà kí n tó gbé ìwé fún ẹlòmíràn. Ìrẹsì àti gàrí ni mo ń tà ní Sábó, mi ò kàwé owó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ló ti kọjá níwájú mi.

Kí n tó fọwọ́ kan ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Nínú àwọn 60 tó ń wá sí ìsìn, mélòó ló mọ iye tí ìjọ jẹ? Mi ò sọ pé kí wọ́n mọ̀ pé owó ò sí. Iye rẹ̀ ni mo ní. Bí ẹ bá ní kí ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo dìde kó sọ ọ́, ṣé yóò rí i sọ?

Bí kò bá rí i sọ, ẹ má tíì gbé igbá ọrẹ kankan jáde.

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akápò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ka ìṣirò owó, lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ebi ti ń pa gbogbo ènìyàn tí òórùn ìrẹsì sì ti ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Akápò á ka nọ́ńbà lọ wuuruwu, ẹnì kan á ní òun gbà á wọlé, ẹlòmíràn á ní òun tì í lẹ́yìn, ó parí. Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni mo gbé pátákó dúdú tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ Ìsinmi wá sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ìlà mẹ́rin péré ni mo kọ sí i: ohun tó wọlé lóṣù tó kọjá, ohun tó jáde, ohun tí a jẹ pásítọ̀, ohun tó kù tí a máa fi ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù pé ìtìjú ni yóò dà. Àgbà ìjọ méjì ò kí mi lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá káfíńtà kan wà láàárín wa tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ owó. Ó dúró níwájú pátákó yẹn títí gbogbo ènìyàn fi gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó ti gíláàsì rẹ̀ sí iwájú orí, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹfun ń lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?" Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, sà." Ó ní òun ti rò pé ó máa tó mílíọ̀nù 10, pé òun ti ń bi ara òun pé kí ni náírà 2,000 òun fẹ́ já mọ́ nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó mú náírà 5,000 wá nínú àpòòwé, ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sí i lára pé owó oṣù pásítọ̀ ni.

Gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye rẹ̀ máa ń tóbi lọ́kàn ènìyàn ju bó ṣe wà lọ. Ẹni tó bá rí i bí òkè kò ní gbé ọkọ́ sí i.

* * *

Mo ti ka ohun tí ọ̀pọ̀ yín kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ìjọ ni kò san ìdá mẹ́wàá. Àwọn kan ní orílé-iṣẹ́ ló ń gba owó tí kò tọ́. Àwọn yòókù ní ìlú le.

Pé ìlú le, ta ló máa jiyàn? Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí jálá epo fò láti nǹkan bíi náírà 190 sí ohun tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìwé ọrẹ wa ti ń sọ ọ́. Ní Ìkòròdú níbí, ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀dẹ́ tó ń bọ̀ wá sìn ní apá Àgíríìkì, ọkọ̀ méjì ló ń wọ̀. Ká ní bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ni. Owó ọkọ̀ wọn nìkan ti ju ohun tí wọ́n ń fi sínú igbá lọ. Ni wọ́n bá ń wá lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìgbàgbọ́ wọn ló ti rẹlẹ̀, ẹ ka orí ènìyàn lọ́sẹ̀ tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kí ẹ tún kà á lọ́sẹ̀ kẹta oṣù, kí ẹ wá fi wé ara wọn. Nínú ìwé wa, ọ̀sẹ̀ kẹta ló ń gbẹ jù.

Ti ìdá mẹ́wàá, ó dára ká kọ́ ènìyàn láti máa fúnni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn gun orí àga ìwàásù kó ní ẹni tí kò san án ń ja Ọlọ́run lólè, nígbà tí opó kan jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ tí ó yá owó ra oògùn ìfúnpá lánàá, mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí a kọ́ wa ni pé oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là, ọpẹ́ ló ń mú wa fúnni. A ò lè wàásù oore-ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta ká wá fi ọ̀sẹ̀ kẹrin dẹ́rù bani.

Ti orílé-iṣẹ́ ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àpótí owó kan wà lókè òkun tí ń pín owó fún gbogbo ìjọ Lutheran láyé. Kò sí. Lutheran World Federation tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lund, ní Sweden, ní 1947, àjọ àwọn ìjọ ni, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń wá owó tirẹ̀ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe gbà. Ní Jámánì, ìjọba ló ń bá ìjọ gba owó pọ̀ mọ́ owó orí. Bí owó orí ọmọ ìjọ bá jẹ́ 100, wọ́n á gba 8 lé e ní Bavaria àti Baden-Württemberg, wọ́n á gba 9 ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ẹni tó bá fi ìjọ sílẹ̀ ò san án mọ́, nítorí náà bí orúkọ ṣe ń dín ni owó ń dín. Ní Amẹ́ríkà, ọrẹ lásán ni. Ìjọ ìbílẹ̀ á mú díẹ̀ nínú ọrẹ rẹ̀ fún sínọ́ọ̀dù agbègbè, sínọ́ọ̀dù á mú díẹ̀ nínú ìyẹn fún orílé-iṣẹ́. Bí owó bá fún mọ́ ìjọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́, owó tó ń gòkè yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gé. Ohun tí ẹ̀yin ṣe ní Ẹ̀pẹ́ náà nìyẹn, ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn nígbà tí tiwa dé.

Mo lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń gé. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ ìjọ Lutheran ti Nàìjíríà wà ní Obot Idim, ní Akwa Ibom. Orúkọ Jonathan Ekong ló wà lára ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ Ibesikpo nítòsí Uyo ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló dáwó jọ tí wọ́n fi rán an lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kàwé, kó sì bá wọn wá ìjọ tí yóò dúró tì wọ́n. Láti ara ìrìn àjò yẹn ni Henry Nau, míṣọ́nnárì ìjọ Lutheran láti Amẹ́ríkà, fi dé ní 1936. Nítorí náà owó àwọn ará abúlé ló ṣáájú owó òyìnbó. Bí ìjọ mélòó kan nínú wa bá dáwọ́ owó dúró lọ́dún mélòó kan, níbo la fẹ́ ti rí pásítọ̀ tí yóò rọ́pò èyí tí a ò tíì san owó oṣù rẹ̀ yìí?

Bí ẹ ò bá lè rán gbogbo rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà kí wọ́n tó kọ sí yín. Ẹ kọ iye tó wọlé, iye tí ẹ lè san lóṣù, oṣù tí ẹ máa parí. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé wọ́n á bá wa jà. Oṣù mẹ́fà sí i ni wọ́n fún wa.

* * *

Ìfilọ́lẹ̀ wá kàn.

A ṣe é. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún báyìí. Wọ́n tẹ ìwé ìpè lórí páálí dídán, wọ́n ya fọ́tò alága sí i. A háyà ìbòrí méjì, àga 150, a se ìrẹsì, a ra mínírà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà atọ́kùn ètò gbé gbohùngbohùn, ó ń pe ènìyàn lórúkọ níkọ̀ọ̀kan: bàbá ọjọ́, ìyá ọjọ́, alága, igbákejì alága. Ẹni tí wọ́n bá pè á jáde, ìlù á sọ, á dárúkọ iye kan, àwọn ènìyàn á hó yè. Ìlérí tí a kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn jẹ́ náírà 1,240,000. Mo gbé ìwé náà délé, mi ò lè sùn nítorí ayọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 390,000 ló ti wọlé. A ti ná 215,000 lórí ètò. Ẹ yọ ọ́: 175,000 ló kù.

Owó tí kò wọlé kọ́ ló dùn mí jù. Ọ̀gbẹ́ni kan wà láàárín wa tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan ní Odogunyan. Atọ́kùn ò mọ̀, ó pè é jáde. Ọkùnrin náà rìn bọ́ síwájú, ó wo ilẹ̀, ó ní náírà 50,000. A pàtẹ́wọ́ fún un. Kò tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́ fún oṣù mẹ́wàá. Èmi ni mo lọ bá a nílé, mo sọ fún un pé a ti fa orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé gbèsè, kó jọ̀wọ́ máa bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ sunkún lójú mi. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́ ní ìjọ kankan.

Ẹnì kan nínú yín ti dá mi lóhùn pé ìfilọ́lẹ̀ ló kọ́ gbogbo ilé ìjọsìn tiwọn, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Mo gbà. Ilé ni wọ́n kọ́, ẹni tó bá dá owó rí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lára ògiri, á fi han ọmọ rẹ̀. Òrùlé ilé pásítọ̀ yín lè gba irú ètò bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ṣe é láìse ìrẹsì, láìpe ẹnikẹ́ni lórúkọ: páànù mélòó la nílò, èló ni ọ̀kan, ta ló máa gbé méjì? Ṣùgbọ́n owó oṣù kì í tán. Oṣù tó ń bọ̀ ó tún ti dé. Kò sí ọlọ́lá tí yóò máa ti Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ lóṣooṣù nítorí ìyẹn, àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ló ni ín.

* * *

Ti wòlíì olóróró.

Orúkọ tí a ń jẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ bí ìjọ ṣe ń wá owó ló bí i. Albrecht, àgbà bíṣọ́ọ̀bù Mainz ní Jámánì, jẹ ìdílé Fugger tí ń yáni lówó ní gbèsè ńlá, nítorí owó tó san kó tó dé ipò. Róòmù náà ń wá owó fi kọ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́. Wọ́n bá fẹnu kò pé kí wọ́n ta ìwé ìdáríjì, èyí tí wọ́n ní ó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù, fún àwọn ènìyàn, kí ìdajì owó lọ sí Róòmù, kí ìdajì san gbèsè Albrecht. Oníwàásù kan, Johann Tetzel, ló ń gbé e kiri. Kókó 95 tí Martin Luther, ẹni tí a ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kọ ní 31 oṣù Kẹwàá 1517, ọ̀rọ̀ yìí ló kọ́kọ́ kọjú sí. Nínú kókó 86 ó béèrè pé Póòpù tí owó rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí kò fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, tó fi jẹ́ owó àwọn tálákà.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn tó ń ra ìwé rò pé ilé Ọlọ́run làwọn ń kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ gbèsè fún wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ó wọ ọgbà yín, òróró, aṣọ funfun, omi, èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ fi iye owó lé. Bí ẹ bá ń wá ìsọjí, ẹ ṣe ìsọjí, kí ó jẹ́ ti Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí ẹ má sì gbé igbá sí i.

* * *

Owó dùùrù: ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo mọ̀ pé akápò yín fẹ́ ire. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìjọ wa, kí n tó dé ipò, wọ́n "yá" owó aṣọ akọrin fi san owó iná mànàmáná. Ọdún méjì ni wọ́n fi dá a padà. Àwọn obìnrin tó dá owó náà ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí a bá ní ká dáwó fún nǹkan pàtó, wọ́n á ní kí á kọ́kọ́ ra á, àwọn á wá san án lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ẹ wo irú ẹ̀.

Àwọn ìjọ Lutheran ńlá náà ń bá a yí. Ẹnì kan á fi owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ilẹ̀ kan pàtó, ẹlòmíràn fún ilé ẹ̀kọ́, ìwé á wá sọ pé owó pọ̀ ní báńkì, síbẹ̀ èyí tí wọ́n lè fi san owó òṣìṣẹ́ ò tó. Wọ́n á sọ fún ọmọ ìjọ pé owó ò sí, ọmọ ìjọ á wo ìwé, á ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀nà méjì sórí pátákó: owó tí a lè ná, àti owó tó ní orúkọ.

Bí ọ̀ràn bá wá le débi pé kò sí ọ̀nà míì, ẹ pe àwọn tó dá owó dùùrù jọ, ẹ bi wọ́n. Kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà. Ẹni tó bá kọ̀, kí tirẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí i.

* * *

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí wọ́n ta ilẹ̀, mo gbọ́ yín. Àwọn tó jù wá lọ ti tà rí. Missouri Synod, ìjọ Lutheran ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní St. Louis, KFUO-FM, tó ń gbé orin kíláásíkà sáfẹ́fẹ́. Ní 2009 wọ́n fẹnu kò láti tà á fún mílíọ̀nù 18 dọ́là. Àríyànjiyàn rẹ̀ gbóná gan-an. Èyí tó wà lórí AM, tí wọ́n ti ń lò láti 1924, ni wọ́n mú dání.

Ẹ ò ní rédíò. Ilẹ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, ní Ẹ̀pẹ́, lásìkò tí gbogbo ayé ń lọ ra ilẹ̀ ní apá ibẹ̀ látìgbà tí iṣẹ́ ńlá ti wọ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Bí ẹ bá tà á, ẹ máa san owó oṣù fún ọdún kan àbọ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wo ìwé ilẹ̀ náà, ẹ wò ó bóyá orúkọ ìjọ ló wà níbẹ̀ tàbí ti bàbá kan tó ti kú, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà dé lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń wọn ilẹ̀. Ẹ fi háyà fún ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, tàbí fún onímọ́tò tó ń wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí lóru. Owó oṣooṣù nìyẹn, ó sì bá owó oṣù mu.

* * *

Kóló ni mo fẹ́ sọ, ìdí tí mo fi fi í sí àkọlé nìyí.

Àwọn obìnrin Missouri Synod dá ẹgbẹ́ wọn, Lutheran Women's Missionary League, sílẹ̀ ní 1942. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé sílé, tí wọ́n ń ju owó wẹ́wẹ́ sí, bíi ti opó inú Bíbélì tó mú owó idẹ méjì wá. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ púpọ̀ ni wọ́n ti fi owó wẹ́wẹ́ yẹn ṣe. Àwọn ọkùnrin wọn náà ti ṣáájú. Ní 1917, ọkùnrin 12 pàdé ní Milwaukee nítorí pé Missouri Synod ti jẹ gbèsè tó lé ní 100,000 dọ́là. Wọn ò pe wòlíì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n san án, wọ́n sì tún wá owó tó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là sílẹ̀ fún àwọn pásítọ̀ tó ti darúgbó àti àwọn opó pásítọ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu pásítọ̀ wa, mo ní, ṣé kóló kọ́ nìyẹn? Gbogbo wa ló ní kóló lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí a wà ní kékeré. Bàbá káfíńtà fi pákó tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kàn án fún wa, 34, ọ̀kan fún ìdílé kan, a kọ orúkọ sí i lára. Oṣù mẹ́rin la fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, lẹ́yìn ìsìn, a tò wọ́n sórí tábìlì gígùn méjì. Bàbá fi òòlù gbá ìdí kóló kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, pákó á là, owó á tú jáde. Àwọn owó tí wọ́n ká wẹ́wẹ́ bí ìwé ìkọ̀kọ̀, 50, 100, 200, òmíràn ti rọ̀ bí aṣọ. Nínú ọ̀kan, hóró ìrẹsì mẹ́ta bọ́ jáde, mo mọ̀ pé tèmi nìyẹn, nítorí ìsàlẹ̀ káńtà ni mo gbé e sí. Ọmọbìnrin ọdún méje kan ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ní òun máa kà á fúnra òun, ó tò ó ní 20, 20, gbogbo wa dúró dè é.

Ènìyàn mẹ́ta ló ń ka owó náà, a ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ iye tó kà títí kálukú fi kọ tirẹ̀ sínú bébà. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu la tó sọ ọ́ síta. Náírà 412,000. A ò háyà àga kan. Ẹ rántí 175,000 ti ìfilọ́lẹ̀.

Kò tó gbogbo gbèsè wa o. Ó san owó oṣù tí pásítọ̀ ti ń retí, ó sì kù díẹ̀ fún orílé-iṣẹ́. Ìyókù ni a fi ìlérí oṣooṣù parí, èyí tí kálukú kọ sínú ìwé tó pa dé, tí akápò nìkan rí.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé ṣé kò yẹ ká máa ka orúkọ àwọn tó fún ìjọ ní owó ńlá, kí ó lè wú àwọn yòókù lórí. Ní tèmi, rárá. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ò ní gbà, nítorí pé láàárín àwa Yorùbá ẹni tó ṣe ohun rere, a máa ń kì í. Níbi tí a ti pàdé láàárín méjì ni pé a ń ka orúkọ gbogbo ìdílé tó dá kóló padà, láìka iye. Ọmọ ọdún méje yẹn gbọ́ orúkọ tirẹ̀ lẹ́yìn orúkọ oníṣòwò sìmẹ́ńtì.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Ó tó ìdajì ìjọ wa tó jẹ́ ará Akwa Ibom. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka ìṣirò tẹ́lẹ̀, àwọn ìyá àgbà Yorùbá ò gbọ́, àwọn ìyá àgbà Ìbíbíò náà ò gbọ́. A wá ń kọ pátákó ní Yorùbá àti Ìbíbíò. Ara ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé àwọn ará Akwa Ibom máa ń lọ sílé lóṣù Kejìlá, a sì ti ń fi ìkórè sí oṣù Kejìlá láti ọjọ́ pípẹ́, a wá ń ṣe kàyéfì pé owó kéré. A gbé e sí oṣù Kẹwàá. Nǹkan tí ẹnì kan ì bá ti sọ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bí a bá bi í.

* * *

Àbúrò mi, mo rí èsì yín. Ẹ ní àwọn àgbà ti gbà kí ẹ kọ pátákó, ṣùgbọ́n alága ìgbìmọ̀ ní òun nìkan ni yóò máa di kọ́kọ́rọ́ àpótí owó mú.

Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọ̀ràn yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1523, ìlú Leisnig ní Saxony, ní Jámánì, dá àpótí owó ìjọ kan sílẹ̀, Luther fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé òfin rẹ̀. Àgádágodo mẹ́rin ni wọ́n ní kó ní, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan: àwọn ọlọ́lá, ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn ará ìlú, àwọn àgbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a ṣí. Ènìyàn 10 ló ń bójú tó o, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ má sọ ọ́ bíi pé ẹ fura sí i. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i láéláé. Àgádágodo méjì ti tó fún yín: kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ìyá ìjọ.

Ti àkókò, àwọn òṣìṣẹ́ oṣù, ẹ bi wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù. Àwọn ẹlẹ́ja Olúwo ò ní oṣù, ọjọ́ tí ẹja bá pọ̀ ni ọjọ́ wọn, kóló ló bá tiwọn mu. Ẹ má fi òdiwọ̀n kan wọn gbogbo ènìyàn.

Kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀ nílé, lálẹ́, ẹ̀yin àti àgbà kan. Ẹ sọ iye tí ẹ jẹ ẹ́ fún un látẹnu yín, kó má jẹ́ pé ara pátákó ló ti máa kọ́kọ́ kà á. Ẹ bi í pé kí ni ilé nílò lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ lè wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti lé e padà sílé nítorí owó, kò sì ní sọ fún yín bí ẹ ò bá béèrè. Ìrẹsì àti gàrí, mo lè fi àpò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ láti Sábó pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ kàn fi nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ iye tí ẹ kọ sórí pátákó náà.